Bí Ibíyẹmí Ṣe Di Ọmọ Ìlú Olómi

Ẹ sún mọ́ mi. Ìwọ tó o jókòó sórí gbòǹgbò yẹn, dìde fún àgbà. Irú ọmọ wo lẹ tún ń bí báyìí ná? Mo ti ń gbọ́ àríyànjiyàn yín láti àárọ̀. Ẹ ní ọmọ Ṣángótóyè fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà, ìpínlẹ̀ tó ń gbé ní kó lọ sí ti bàbá rẹ̀, ti bàbá rẹ̀ ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí, ó wá dà bíi bọ́ọ̀lù láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ sì ń bi mí pé níbo gan-an lènìyàn ti ń jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Ẹ ò mọ̀ pé ojú egbò lẹ tẹ̀ yẹn.

Èmi Ọdẹ́ríndé lẹ ń wò yìí. Èmi tí ẹkùn rí lójú ọ̀nà, tó dibọ́n bí ẹni tó ń já ewé. Kò sí igbó tí n kò wọ̀ láyé yìí, àfi èyí tí wọn ò tíì gbìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, eyín ẹnu mi ló kán, ìtàn mi ò kán. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí kì í ṣe èyí tí mo fi ń yangàn. Ẹni tí mo bá lọ ni n kò mú bọ̀.

Mo ní àbúrò obìnrin kan, Ẹfúnbọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wa, nínú agbo ilé tó wà lẹ́yìn yín yẹn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Láníhùn ló fẹ́ ẹ. Kànga ni Láníhùn ń gbẹ́. Ọmọ Ìlú Ìrántí ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbé e lọ sí Ìlú Olómi, ó sì mú ìyàwó rẹ̀ dání. Àwọn ará Ìlú Olómi yìí, ara wọn kì í gbẹ. Omi ń kán lára wọn tọ̀sán-tòru. Tí wọ́n bá bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́, o ó wá nǹkan nu ọwọ́. Tí omi bá sì wọ́n, awọ ara wọn a máa sán, wọn a sì kú. Kí Láníhùn tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan ló ń pa wọ́n lọ bẹẹrẹ. Láníhùn gbẹ́ kànga fún wọn ní gbogbo àdúgbò, ikú ẹ̀ẹ̀rùn sì dáwọ́ dúró.

Ibẹ̀ ni Ẹfúnbọ́lá bí ọmọ rẹ̀ obìnrin sí, wọ́n sọ ọ́ ní Ibíyẹmí. Ara ọmọ náà gbẹ bíi tèmi tìrẹ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa pè é ní Aláragbígbẹ. Kò tíì ju ọmọ tí wọ́n ń rán lọ ra iyọ̀ lọ nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ikùn ọ̀hún. Ibíyẹmí ló fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí ẹ̀mí fi bọ́. Lọ́jọ́ náà ló sọ pé òun ò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn láyé bí kò ṣe ìwòsàn, kó má tún sí ọmọ tí yóò jókòó ti bàbá rẹ̀ láìmọ ohun tó ń pa á.

Ọmọ náà dàgbà di ọlọ́mọge. Ìgbà náà ni kókó kan sọ sí Ẹfúnbọ́lá lọ́yàn. Ó kọ́kọ́ rò pé eéwo ni. Kókó kò rọ̀, kò sì tú. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí mi, tí mo dé, tí mo rí bí èjìká àbúrò mi ti yọ eegun, àyà mi já. Mo ti pa erin, n kò sì lè ṣe nǹkan kan sí kókó tí kò ju ẹ̀pà lọ.

Ilé Ìkọ́wòsàn wà lórí Òkè Ìtura, lẹ́yìn Igbó Ajánilójú. Àwọn iwin tó ti ń wo àìsàn láti ìgbà tí àìsàn ti dáyé ló ń kọ́ ọmọ ènìyàn níbẹ̀. Ilé náà ní òfin kan tó dára: òbí tí ọmọ rẹ̀ bá ti jókòó láti kọ́ṣẹ́, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà wọlé, wọn yóò sì wò ó sàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Bí Ibíyẹmí bá rí àga jókòó sí, ìyá rẹ̀ yóò yè. Bí kò bá rí àga, a ó sin Ẹfúnbọ́lá. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ gbéra nìyẹn, àwa mẹ́ta.

Nínú Igbó Ajánilójú, iwin kan dí wa lọ́nà. Ẹnu kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ẹnu kan wà ní ti òsì, kò sì sí ọ̀kankan lójú rẹ̀. Ẹnu ọ̀tún ní òun yóò jẹ ọdẹ, ẹnu òsì ní òun yóò jẹ ọlọ́mọge. Ìbọn wà léjìká mi, àmọ́ ọpọlọ ni mo yọ. Mo ní, "Ẹ kú ìsinmi o, ṣùgbọ́n ta ni ẹ̀gbọ́n nínú ẹ̀yin méjèèjì? Nílé tiwa, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ bu òkèlè." Háà, ẹ ò bá wà níbẹ̀. Ọ̀tún ní òun ni, òsì ní irọ́ ni, wọ́n kọjú sí ara wọn, wọ́n ń gé ara wọn jẹ. A gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá. Ibíyẹmí fẹ́ padà lọ fi ewé di ọgbẹ́ iwin náà. Mo ní ṣé orí rẹ pé ni? Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló ń dà lára rẹ̀, bùọ̀dá ìyá mi. Irú ọmọ tó jẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí a yọ sí ẹsẹ̀ òkè, a rí igi tó tò lọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí ojú ti lè rí i dé. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, síbẹ̀ àwọn igi náà ń mí. Mo fi ọwọ́ kan ọ̀kan, ó sì sọ̀rọ̀. Ó ní ènìyàn lòun tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn tí ìlú kankan kò gbà lọ́mọ ni gbogbo wọn. Àga kan ṣoṣo ni Ilé Ìkọ́wòsàn yà sọ́tọ̀ fún àlejò gbogbo ayé, wọ́n dúró dè é títí ẹsẹ̀ wọn fi ta gbòǹgbò. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n bá òun bu omi sí ìdí. Ibíyẹmí bu omi fún un, ó bu fún èkejì, títí kèrègbè wa fi gbẹ. Ẹfúnbọ́lá di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú gírígírí bí ẹni tó ń kọjá odò.

Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, a bá Aláyàilẹ̀kùn. Iwin gbọ̀gbọ̀rọ̀ kan ni, òun fúnra rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó sáàárín ògiri méjì, àyà rẹ̀ sì ṣí sọ́tùn-ún sósì bí ilẹ̀kùn. Láti inú àyà rẹ̀ la ti rí gbọ̀ngàn ńlá, tí àga kún inú rẹ̀, àga ìlú kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Mo rí àga ìlú wa yìí. Apá rẹ̀ kan ti yẹ̀, ẹ kú àìnítìjú.

Aláyàilẹ̀kùn kò kígbe, kò halẹ̀. Ó bi Ibíyẹmí pé ọmọ ìlú wo ni. Ibíyẹmí kúnlẹ̀, ó ní Ìlú Olómi ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ lòun sì ń gbé. Aláyàilẹ̀kùn ní kó lọ jókòó sórí àga Olómi. Bí ọmọ ti fi ìdí kàn án, àga náà gbọ̀n ọ́n dànù sílẹ̀. Ó ní kó gbìyànjú àga Ìrántí, ìlú bàbá rẹ̀. Ìyẹn náà da ọmọ nù. Inú bí mi. Mo gbá a mú, mo gbé e ka orí àga tiwa, mo tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àga da èmi àti òun nù pọ̀, mo fi ìdodo lulẹ̀. Ta ló rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn? Bàbá bàbá rẹ ni Baálẹ̀ ìlú wa nígbà náà. Kí á tó gbéra ni mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ìlú yìí gba ọmọ àbúrò mi. Ó ní ilé bàbá ọmọ là á kà, a kì í ka ilé ìyá. Máa rẹ́rìn-ín lọ.

Mo gbé ìbọn lé èjìká, mo ní kí Aláyàilẹ̀kùn gba ọmọ mi láàyè kí n tó sọ àyà rẹ̀ di fèrèsé. Ó wò mí bí ènìyàn ti í wo ọmọ tó ń sunkún oúnjẹ. Ó ní ọ̀pọ̀ ọdẹ ti yìnbọn lu òun rí, òun a sì máa ṣí sílẹ̀ kí ọta kọjá, àwọn àga ni kò ní gbà. Ó wá yíjú sí Ibíyẹmí.

"Ọmọ mi, ibi tí wọ́n bí ọ sí kò tó. Ibi tí o ń gbé kò tó. Ẹni tó bá sì kó lọ sí ìlú kan nítorí kó lè rí àga, a ò kà á sí ará ibẹ̀. Lọ wá ìlú tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé tàwọn ni ọ́. Nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́, àga yóò mọ̀. Kí ẹ má bàa rìn lásán, ẹ fi àlọ́ yìí sọ́kàn: kí ni àlejò ń gbìn tí kì í hù, tó sì ń sọ ọ́ di onílẹ̀?"

Kíá ni mo dáhùn. Mo ní obì. Ó ní obì a máa hù. Mo ní òpó ilé. Ó ní ikán a máa jẹ òpó. Ibíyẹmí ní bóyá kànga ni, kànga tí bàbá òun gbẹ́. Iwin náà mirí, ó jọ pé àánú ọmọ náà ṣe é. Ó ní kànga, wọn a mu ún, wọn a sì gbàgbé ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ẹfúnbọ́lá jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di àyà mú. Kò dá sí àlọ́ náà rárá.

A kọrí sí Ìlú Ìrántí. Àwọn ará ibẹ̀, ẹ̀yìn ni ojú wọn kọ sí. Ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ ni wọ́n ń rí, wọn kì í rí ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń fi orí gbá ara wọn lójú pópó láìbínú. Baálẹ̀ wọn kọ ẹ̀yìn sí wa kó lè rí wa. Ó mọ orúkọ Láníhùn, ó mọ orúkọ bàbá rẹ̀, ó mọ ti bàbá bàbá rẹ̀. Ó kí Ibíyẹmí ní oríkì ilé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ náà kò gbọ́ ọ rí láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà, ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ń wo àyíká bóyá wọn yóò gbé ẹmu wá.

Baálẹ̀ ní kí a jẹ́ kí àwọn wo Láníhùn kí àwọn tó fọhùn. Òkú kì í jìnnà sí wọn níbẹ̀, inú yàrá ni wọ́n ń sin ín sí, wọn a sì máa ṣí ilẹ̀ wò ó bí ẹni ń wo ìkòkò lórí iná. Wọ́n ṣí ilẹ̀. Aṣọ funfun kékeré kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n tú u. Irun orí díẹ̀ àti èékánná ni wọ́n bá nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà yìí. Bí ẹni wa bá kú sí ìdálẹ̀, tí kò ṣeé gbé wálé, a ó gé irun rẹ̀, a ó gé èékánná rẹ̀, a ó fi aṣọ funfun dì í, a ó gbé e wá sin sílé, kí ó má bàa di òkú àjò. Ẹ̀yẹ ni. Kò sí ọmọ rere tí kì í ṣe é fún bàbá rẹ̀, kò sí aya rere tí kì í ṣe é fún ọkọ rẹ̀.

Baálẹ̀ di aṣọ náà padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní àwọn fẹ́ràn Láníhùn, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn kò tó ènìyàn. Irun àti èékánná kò lè bí ọmọ fún ìlú. Ó ní ibi tí ara rẹ̀ wà ni kí a lọ, nítorí ìlú tó bá gba odindi òkú ló ni ọmọ òkú. Ibẹ̀ ni èmi, tí mo gbọ́n tó báyìí, ti wá rí ìdáhùn àlọ́. Òkú ni. Òkú ni àlejò ń gbìn tí kì í hù.

Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí i pé Ẹfúnbọ́lá ti wólẹ̀ síbi ihò kékeré náà, ó fi ọwọ́ lé orí.

"Èmi ni mo gé e," ló wí. "Èmi ni mo fi abẹ tèmi gé e, bùọ̀dá mi, mo sì fi aṣọ ìgbéyàwó mi dì í. Mo ní kí ọkọ mi má ṣe sùn sí ìdálẹ̀. Mo rò pé oore ni mo ṣe é."

Kí lèmi ìbá ti ṣe yàtọ̀? Ẹ̀yin ńkọ́? Mo gbé e dìde. Kò wúwo ju ẹtu lọ mọ́. Mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ìyá wa ti ń pọ̀n ọ́n ní kékeré, a sì kọrí sí Ìlú Olómi.

Ní Olómi, gbogbo ìlú ló jáde pàdé wa. Wọn kì í ṣe ìkà, ẹ má gbé e sí ibòmíràn. Wọ́n bu omi fún wa láti inú kànga Láníhùn, wọ́n tẹ́ ẹní fún aláìsàn. Ọba wọn, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Olómi, jókòó sínú agbada omi, ó gbọ́ ẹjọ́ wa dé òpin. Ibíyẹmí bẹ̀ ẹ́. Ó ní omi tí ẹ ń mu, bàbá mi ló gbẹ́ ẹ, ilẹ̀ yín ló sùn sí, kí ló tún kù? Ọba náà fi ọwọ́ nu ojú. Ẹ ò lè mọ̀ bóyá ẹkún ni, torí omi ń kán lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Ọmọbìnrin, ojú mi ni wọ́n ṣe sin bàbá rẹ. Mo rí i nígbà tí ìyá rẹ gé irun rẹ̀. Ẹni tó wà nílé kì í fi irun ránṣẹ́ sílé. Bàbá rẹ fi irun yẹn sọ fún wa pé àlejò lòun, a sì gbà fún un. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá sọ pé ọmọ wa ni ọ́?"

Ìlú tó ní irun kò gbà á nítorí kò ní ara, ìlú tó ní ara kò gbà á nítorí irun kò sí níbẹ̀. Láàárín méjèèjì, ọmọ di ọmọ afẹ́fẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ ní ààfin ẹni ẹlẹ́ni, mo sunkún. Èmi Ọdẹ́ríndé. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kó máa ṣe é lọ.

A gbé Ẹfúnbọ́lá lọ sí ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti gbé rí. Ó ti ń mí pẹ̀lú ìnira. Ó ní kí Ibíyẹmí lọ pọn omi wá, bẹ́ẹ̀ omi kún ìkòkò dẹ́dẹ́. Nígbà tí ọmọ jáde, ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó ní láti ẹnu ọ̀nà Aláyàilẹ̀kùn lòun ti mọ ìdáhùn àlọ́ náà, òun kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé ti Láníhùn yóò tó ni.

Ó ní, "Bùọ̀dá mi, mo ń lọ báyìí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé irun mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé èékánná mi. Kí nǹkan kan lára mi má ṣe bá yín lọ sílé."

Mo ní kí ló ń sọ. Mo ní ṣé òun tí a bí ní àgbàlá wa, tí a sin ìwọ́ rẹ̀ sí ìdí ọ̀pẹ ilé wa, ló fẹ́ di òkú àjò? Mo ní kí ni n ó fi lé ìyá wa lọ́wọ́? Mo ní kó sinmi, yóò yè, kó yé sọ̀rọ̀ ikú. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, "Ẹ kó gbogbo mi fún wọn. Ọmọ mi ò gbọ́dọ̀ di igi." Mo mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí Ibíyẹmí tó gbé omi dé, àbúrò mi ti kú.

Wọ́n máa ń sọ fún ọlọ́fọ̀ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ní ọjọ́ yẹn, agbè ló fọ́, omi ló kù, omi sì dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò lórí, ó ń wo ìyá rẹ̀. N kò lè gbàgbé ojú ọmọ náà. Ó ní, "Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wò ó ni."

Àwọn obìnrin Olómi wá wẹ òkú. Bí àbúrò mi ti ṣe é fún Láníhùn ni wọ́n fẹ́ ṣe é fún un. Wọ́n mú abẹ dání, wọ́n mú aṣọ funfun kékeré. Ẹ̀yẹ ni wọ́n fẹ́ bù fún àlejò. Ọba fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń wò. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dúró níwájú ẹfọ̀n tó fara gbọta, mo ti bá iwin jìjàkadì nínú ẹrẹ̀. Kò sí èyí tó ṣòro fún mi tó ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn. Mo na ìbọn mi dí ọ̀nà. Mo ní kí wọ́n dá abẹ padà.

Olómi bi mí pé ṣé kò sí ohun tó ń lọ sílé ni.

Mo ní, "Kò sí ohun tó ń lọ sílé, Kábíyèsí. Ibí ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn korò lẹ́nu mi ju ewúro lọ. Èmi ẹ̀gbọ́n ni mo fi ẹnu ara mi yọ àbúrò mi kúrò nílé wa. Ọba ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ nínú ilé náà, kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn bí ti onílé. A sin Ẹfúnbọ́lá tòun ti irun orí rẹ̀ gbogbo, tòun ti èékánná rẹ̀. Nígbà tí a bo ilẹ̀ tán, ọba bu omi, ó wọ́n ọn sórí Ibíyẹmí, ó ní, "Ọmọ wa ni." Gbogbo ìlú dá a lóhùn pé ọmọ wa ni. Lójú mi báyìí ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán lára ọmọ náà, láti iwájú orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ara rẹ̀ kò gbẹ mọ́. Ẹkún ló ń sun ni o, omi ìlú ni o, èmi ò mọ̀.

Mo mú un padà dé Òkè Ìtura. A kọjá láàárín àwọn igi, kò dúró bu omi lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń rìn, omi ara rẹ̀ sì ń kán sí wọn ní ìdí. Aláyàilẹ̀kùn ṣí. Ibíyẹmí lọ jókòó sórí àga Olómi. Àga náà gbà á, kò mì rárá. Àwọn olùkọ́ tó wà nínú gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún un. Aláyàilẹ̀kùn wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé òbí rẹ̀ tó ń ṣàìsàn dà, wọ́n ti tẹ́ ibùsùn fún un, kókó ọyàn kò ṣòro fún wọn bí wọ́n bá tètè gbé e wọlé. Ibíyẹmí ní ìyá òun wà nílé. Iwin náà ti àyà rẹ̀. Èmi wà níta.

Mo padà wá sí ìlú wa. Ìyá wa ti gbọ́, ìròyìn ikú kì í rọra rìn. Àgbàlagbà ni nígbà náà, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó ti jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ihò kékeré sínú yàrá rẹ̀, lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, kó lè máa sùn ti ọmọ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó fẹ́ kí n gbé aṣọ funfun náà lé e. Mo ní ìyá mi, kò sí nǹkan kan. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí àlọ́ dé orí abẹ. Mo ní Ibíyẹmí ti jókòó, yóò di oníṣègùn, Ẹfúnbọ́lá ló fi ara rẹ̀ ra àga fún un.

Ìyá wa gbọ́ ọ tán. Kò bá mi jà, ìbá sàn kó bá mi jà. Ó fi ọwọ́ wá etí ihò náà kiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ ti erùpẹ̀ padà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ bá a tì í, ó ní kí n fi í sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ tẹ́jú, ó ní, "Ó dáa. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́, sọ pé ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí sí ìlú yìí."

Èyí tí mo rí ni mo sọ; n kò bù sí i, n kò bù kúrò. Ìtàn ti mu mí lómi. Ẹ dìde, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀.